Ọmọ Tí Kì Í Yọni Lẹ́nu

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi pariwo ní ilé ìwòsàn wa ní Wonosobo. Nọ́ọ̀sì méjìlá ni wọ́n ní kí n kọ́ bí a ṣe ń tètè dá ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé mọ̀, tí ọpọlọ rẹ̀ bá ti fara pa, ká lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú nígbà tí egungun ṣì rọ̀. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohunkóhun tí mo bá sọ, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bu," ìyẹn "Màmá". Sísọ "bẹ́ẹ̀ ni" kò kúkú nira.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo kó wọn lọ síwájú bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà. Mo ní kí wọ́n fi ọmọ tó yẹ ká kọ́kọ́ mójú tó hàn mí. Gbogbo wọn ya bo ọmọ kẹrin, tó ń ké bí ẹni tí wọ́n jí lẹ́rù. Kò sẹ́ni tó bojú wo ọmọ kejì, ọmọbìnrin tí Suparti bí, tó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, tí kò tasẹ̀ látàárọ̀.

Inú bí mi. "Èyí ńkọ́?"

Bu Rukmini, ọ̀gá wọn, bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Bu Wahyuni! Èyí kẹ̀? Anteng ni! Kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ká ní gbogbo wọn rí báyìí ni, ǹ bá ti sanra."

Mo ṣí fáìlì ọmọ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: anteng, anteng, anteng. Bí a ṣe ń yin ọmọ jẹ́jẹ́ lọ́dọ̀ wa nìyẹn, orí ìyá rẹ̀ á sì wú.

"Ọmọ tí ò ké, tí ò tapá, lè ti fara pa lọ́pọlọ, ẹ sì ń yìn ín! Kí ni mo ti ń sọ láti ọjọ́ Ajé? Ṣé ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ni?"

"Ẹ rọra, Bu. Òní ni wọ́n ń lọ sílé. Ọkọ Suparti ti gbé ọkọ̀ tó fi ń kó kábéèjì wá."

"Sí orí òkè tí wọ́n ń gbé lọ́hùn-ún? Ta ni yóò rí i níbẹ̀?"

Suparti bá wọlé, báàgì léjìká, láti wá gbé ọmọ rẹ̀. Mo ní kó jókòó. Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí, pé kí wọ́n dúró sí i ká bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, torí bó bá pẹ́, iṣẹ́ náà á le. Ó wò mí bíi pé mo bú u.

"Ṣùgbọ́n ọmọ dáadáa ni, Bu. Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi?"

"Lọ́jọ́ Ajé. Mo fún yín ní tempe díndín. Ẹ fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀, ẹ ní, 'Anteng lèyí o, o ṣoríire.'"

Mo rántí tempe náà, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n dín. Ó gbóná, ebi sì ń pa mí, mo sì ń kánjú lọ sí kíláàsì, láti lọ kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ.

Ojú tì mí gan-an. "Mo ṣì í sọ ni, Suparti. Má bínú."

Fèrè ọkọ̀ dún níta. Ó kọjú sí Bu Rukmini. "Èwo ni kí n gbà, Bu? Ti ọjọ́ Ajé ni àbí tòní?"

Bu Rukmini ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gba báàgì léjìká rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. "Tòní ni. Nuning, sáré lọ sọ fún ọkọ rẹ̀ kó pa ọkọ̀."

Nuning sáré jáde. Ọmọ kẹrin tún figbe ta, àwọn nọ́ọ̀sì mọ́kànlá tó kù sì sáré lọ bá a.