Àwọn Aṣọ Tí Ìyá Ọkọ Kó Pamọ́

Ọjọ́ kọkànlélógún tí ìkókó náà dé ayé ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kì í ṣe wàrà díẹ̀ tí ọmọ máa ń dà sí èjìká ìyá rẹ̀ o. Fífò ni ó ń fò jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tó já, á lọ bá ògiri. Bó bá bì tán, á tún figbe ta bí ẹni tí kò jẹun láti àná.

Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, yàrá iwájú ilé wọn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ìfura rẹ̀ sì dúró sórí ẹnì kan ṣoṣo: ìyá ọkọ rẹ̀ tó wá bá wọn wẹ ọmọ. Kí Màmá tó dé, ọmọ ń mu ọyàn, ó ń sùn, ó ń sanra. Màmá dé, kò pé ọ̀sẹ̀ kan, èébì dé. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀? Aránṣọ kò jẹ́ kí òwe yìí jáde lẹ́nu, inú ló ń pa á sí.

“Màmá, ṣé ẹ fún un ní nǹkan mu ni?” ó bèèrè láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ń rán aṣọ oníbàárà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò ká a lára.

“Nǹkan bíi kí ni, ìyàwó mi?” ni Màmá fi dá a lóhùn. “Ìwọ lo ní ọyàn, èmi kọ́.”

Ẹni tí wọ́n bi léèrè tó tún fi ìbéèrè dáhùn! Láti ọjọ́ náà, bí Màmá bá ń wẹ ọmọ, aránṣọ á dúró sẹ́nu ọ̀nà tòun ti sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Màmá náà kò gbẹ́yìn. Bí ọmọ bá ń mu ọyàn, á jókòó síwájú wọn, á máa wò bí oníbodè ṣe ń wo ẹrù.

“Ìyá mi kọ́,” ni ọkọ rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún fìríìjì ṣe, máa ń sọ bí aránṣọ bá fẹjọ́ sùn ún. “Ọmọ wo ni kì í bì?”

Ṣùgbọ́n ọmọ ń rù. Awọ ìdí rẹ̀ ti ń ṣẹ́ pọ̀ bí ṣòkòtò tí wọ́n rán tóbi ju ẹni tó ni ín lọ.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Màmá ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, aránṣọ sì ń gbá yàrá tí Màmá ń sùn. Ìgbálẹ̀ kọ lu nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rá dúdú kan ni, wọ́n dì í lẹ́nu pinpin. Nígbà tó tú u, òórùn kíkan gbá a nímú. Aṣọ ọmọ rẹ̀ ni, méje, pẹ̀lú èébì tó ti gbẹ mọ́ wọn lára. Àwọn tó ti ń wá kiri nìyẹn! Kí lèèyàn ń fi èébì ọmọ ọlọ́mọ ṣe?

Ó gbé ọ̀rá náà lọ bá Màmá nídìí okùn aṣọ. “Màmá, kí lẹ fẹ́ fi èébì ọmọ mi ṣe?”

Màmá wo ọ̀rá náà títí, ó sì rọra jókòó sórí bẹ́ńṣì. “Mo fẹ́ fi han dókítà ni. Mo ń dúró kó o fúnra ẹ sọ pé ká lọ. Bí mo bá ní ká lọ, ṣé wàá gbà? Àbí o rò pé mi ò rí ẹ bó o ṣe ń ṣọ́ mi?” Ó mí kanlẹ̀. “Ọkọ ẹ kọ́ ni àkọ́bí mi. Ọkùnrin kan ṣáájú ẹ̀. Bó ṣe ń bì gẹ́lẹ́ nìyí. Wọ́n ní ọyàn mi ló korò, wọ́n já a lẹ́nu ẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó fi lọ.”

Aránṣọ kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, àbí ìtàn tí wọ́n gé ní ìwọ̀n etí òun. Ó pọn ọmọ, wọ́n jọ forí lé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí Màmá bá òun gbé ọ̀rá náà.

Dókítà ní kó fún ọmọ lọ́yàn, ó sì ń wo ikùn rẹ̀. Ikùn náà ń ru bí omi, láti òsì lọ sí ọ̀tún. Dókítà tẹ abẹ́ ìhà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ba kókó líle kan tí kò ju hóró ẹ̀pà lọ. Kò pẹ́ náà ni wàrà fò jáde, ó bá aṣọ funfun dókítà. Ó wá tú ọ̀rá, ó tẹ́ àwọn aṣọ náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ẹni tó kó ìwọ̀nyí pamọ́ gbọ́n,” ó ní. “Kò sí àwọ̀ ewé omi òróòro lára ìkankan, ìyẹn ni pé wàrà náà kò tíì dé ìfun. Iṣan ẹnu ọ̀nà ibi tí oúnjẹ ń gbà kúrò nínú ikùn ló ki jù, ó ti fún ọ̀nà pa. A máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, á sì yá.”

“Ta ló ṣe é?” ni aránṣọ bèèrè.

“Kò sẹ́ni tó ṣe é. Ọmọkùnrin ló máa ń ṣe jù, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ṣé ó ti ṣe ẹnì kan rí nínú ẹbí yín?”

Màmá ń wo ilẹ̀. Aránṣọ yíjú wò ó, omi ti lé ròrò sójú Màmá.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni aránṣọ dáhùn. “Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.”

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi fa omi sí ọmọ lára kí ara rẹ̀ tó gba abẹ. Iṣẹ́ abẹ náà kò tó wákàtí kan. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ọmọ mu ọyàn, àwọn obìnrin méjèèjì sì ń wò ó. Wàrà kò padà wá.

“Ẹ má bínú, Màmá,” ni aránṣọ sọ.

“Mo bínú gan-an ni o,” Màmá ní. “Ṣùgbọ́n èmi náà fura sí ẹ. Mo rò pé torí aṣọ oníbàárà lo ṣe ń já ọmọ lẹ́nu ọyàn kó tó yó.”

Ẹnu aránṣọ là sílẹ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú jáde, kí ẹkún tó tẹ̀lé e. Màmá fà á mọ́ra, ó sì sọ orúkọ àkọ́bí rẹ̀ sí i létí, orúkọ tí ọkọ aránṣọ pàápàá kò gbọ́ rí.