Ikọ̀ Tí Kò Ní Ẹnìkejì

Ó di ọdún kẹjọ tí Òyìnbó ti lé ọba àtàwọn èèyàn rẹ̀ kúrò l'Ékòó, tí wọ́n sì fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ilé. Ọdún kẹjọ náà nìyẹn tí Bísíríyù ti ń retí kí wọ́n fi òun ṣe ikọ̀, kí òun máa gbé ọ̀rọ̀ ọba lọ bá aṣojú Òyìnbó l'Ékòó. Bàbá rẹ̀ ṣe ikọ̀ kó tó kú. Iṣẹ́ mìíràn kò wọ̀ ọ́ lójú.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di apẹja, wọ́n ti kọ́lé. Ẹja tí Sìlífátù ìyàwó rẹ̀ ń yan tà ni tọkọtaya ń jẹ. Kí ìrètí má baà kú mọ́ ọn nínú, Bísíríyù ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkòròdú, ó ń la igi fún ará Sàró kan tó jẹ́ onígbàgbọ́, ìyẹn sì ń kọ́ ọ ní èdè Òyìnbó. Àwọn aládùúgbò ní ó ti fẹ́ kọ mọ́ṣáláṣí sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa wí, wọn yóò rí òun.

Ní ọdún kẹta, Súbérù àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn jọ máa lọ kọ́ ọ.

“Ìwọ kẹ̀? Èdè bàbá rẹ gan-an ò tíì jinná lẹ́nu rẹ, o wá fẹ́ bu ti Òyìnbó lé e?” ni Bísíríyù wí.

Gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín. Súbérù gbé àwọ̀n rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ká sòótọ́, ẹ̀rù ló ba Bísíríyù, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun pín ipò ikọ̀.

Nígbà tó yá, àwọn àgbà ránṣẹ́ pè é. Olóyè Tìrìmísíyù ka iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rán fún un lẹ́ẹ̀kan péré, Bísíríyù sì tún un kà láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Inú wọn dùn. Olóyè wá bi í pé ta ni ẹnìkejì rẹ̀, nítorí ikọ̀ kì í dá lọ: ẹnìkan á sọ, ẹnìkejì á gbọ́, á sì wá jẹ́rìí nílé. Bísíríyù ní ẹni tó bá wù wọ́n.

“Ẹni tó bá wù wá yóò kàn máa wo ìwọ àti Òyìnbó lẹ́nu ni,” ni olóyè wí. “Bí o bá tà wá, ta ni yóò mọ̀?”

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ mọ̀ mí.”

“Bàbá rẹ la mọ̀. Bàbá rẹ sì ní ẹnìkejì. Ta lo kọ́ ní èdè náà?”

Bísíríyù bẹ̀ wọ́n pé ògbufọ̀ ni òun yóò lò, òun ò ní sọ èdè náà rárá. Olóyè ní etí tó ti gbọ́ kò ṣeé dí. Ọkùnrin méjì tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan ni wọ́n fún ní ọ̀pá ọba.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ wọn ṣí. Bísíríyù wò ó títí tí kò fi rí i mọ́, ó wá lọ bá Súbérù níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe, ó ní kó jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní èdè Òyìnbó lónìí, bóyá wọn yóò rán àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀mìíràn.

“Ẹ̀gbọ́n, ọdún márùn-ún ni mo fi retí kẹ́ ẹ pè mí,” ni Súbérù wí. “Mi ò retí mọ́.”

Kò gbójú sókè. Ó bi í bóyá ó ti jẹun. Bísíríyù ní òun ò tíì jẹun láti àná.