Iṣẹ́ Tí Tíṣà Rán Mi

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọkọ mi, Sawaguchi Kiyoharu, fi gbá bọ́ọ̀lù básíkẹ́tì jẹun. Kò ga tó àwọn yòókù. Ọwọ́ ló ní. Tó bá dúró lókèèrè tó ju bọ́ọ̀lù sókè, èmi kì í wo bọ́ọ̀lù náà. Ojú ẹni tó ń dí i lọ́nà ni mò ń wò, torí onítọ̀hún ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀ pé ó ti wọlé.

Tíṣà Hatakeyama ló kọ́ ọ. Òun náà ló kọ́ mi, torí kíláàsì kan náà lèmi àti Kiyoharu wà nílé ẹ̀kọ́ abúlé wa, létí òkun ní Akita, lórílẹ̀-èdè Japan. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta ni yìnyín ń bo ilẹ̀ níbẹ̀, ọmọdé ò sì níbi tó lè sáré sí ju gbọ̀ngàn eré ilé ẹ̀kọ́ lọ. Tíṣà kì í pariwo mọ́ọ̀yàn. Tí o bá ju bọ́ọ̀lù tí kò wọlé, á ní kó o tún un jù, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òkun ti gbé bàbá Kiyoharu lọ láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Tíṣà ló ra bàtà eré àkọ́kọ́ fún un.

Nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Sendai gbà á, Tíṣà bá a gbé ẹrù dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ibẹ̀ ni Kiyoharu ti ṣèlérí pé bóun bá ti fẹ̀yìn tì, òun á padà wá gba iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà ní kó má pẹ́ jù o, pé ọjọ́ ò dúró de ẹnì kan. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ọdún ń gorí ọdún. A ṣègbéyàwó, a bí Chinami. Fún ọdún mẹ́rin, Kiyoharu wà lára àwọn márùn-ún tó ń bẹ̀rẹ̀ eré. Lẹ́yìn náà orúnkún rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú, wọ́n sì sún un sórí bẹ́ǹṣì. Ọdọọdún ló ń sọ pé ó ku sáà kan péré. Ẹgbẹ́ wọn ò gba ife-ẹ̀yẹ rí, ohun tó sì ń lé nìyẹn.

Ní oṣù Kìíní ọdún tó gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn, Tíṣà pè sílé wa. Kiyoharu ti lọ fún ìgbaradì. Tíṣà ṣàlàyé fún mi pé ọmọ ò pọ̀ mọ́ lábúlé, pé wọ́n fẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ní abúlé méjì tó wà nítòsí ti sọ pé bí ògbóǹtarìgì agbábọ́ọ̀lù bá máa kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, àwọn á kó tàwọn wá. Oṣù Kẹta ni wọ́n máa ṣèpinnu.

"Sumie," ó ní, "mi ò ní kó wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ nìkan ni mo fẹ́. Kó ṣáà sọ pé òun ń bọ̀."

Mo ní màá sọ fún un.

Mi ò sọ ọ́. Ipò kejì ni ẹgbẹ́ wọn wà. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí oorun sùn lẹ́yìn ọdún méjì ni, mo sì mọ̀ pé bó bá gbọ́, ọkàn rẹ̀ á pín sí méjì. Mo ní kí ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá. Nígbà tó kọjá, mo tún ní kí òmíràn kọjá. Tíṣà pè lẹ́ẹ̀kejì. Mo rí nọ́ńbà rẹ̀, mi ò gbé e.

Wọn ò gba ife náà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni Kiyoharu fi wà lórí pápá lọ́jọ́ tí wọ́n gbá a kẹ́yìn. Ó ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan, kò wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹgbẹ́ ní kó máa lọ sílé. Ó wá bá mi ní kíṣìnì tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní ó yá, ká máa lọ bá Tíṣà. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́.

Ó rọra jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ó bi mí pé oṣù wo ni Tíṣà pè. Mo ní oṣù Kìíní. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a wọ mọ́tò, ó di Akita.

Wọ́n ti ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa lóòótọ́. Iwájú ilé la ti bá Tíṣà, ó ń ṣa wárábí, ewébẹ̀ tó lọ já lórí òkè. Ó ti rù. A tẹrí ba, a kí i. Kò ní ká jókòó.

"Kiyoharu, ṣé Sumie jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán sí ẹ?"

Kí n tó lanu, ọkọ mi ti dáhùn.

"Ó jẹ́ ẹ, Tíṣà. Èmi ni mi ò dá yín lóhùn. Ife-ẹ̀yẹ ló wà lójú mi."

Tíṣà ń ṣa ewébẹ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó dáa. Ó kéré tán, o ò purọ́ fún mi." Ó di wárábí díẹ̀ fún wa, bí èèyàn ṣe ń di nǹkan fún àlejò, ó sì wọlé.

Mo sunkún nínú mọ́tò. Mo bi í pé kí ló dé tó fi gba ẹ̀bi ẹlẹ́bi rù.

"Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń sọ pé mò ń bọ̀," ó ní. "Oṣù mẹ́rin péré ni tìẹ níbẹ̀."

Mo pinnu pé màá padà lọ sọ òótọ́ fún Tíṣà. Mo ní kó di ìgbà ìkórè ìrẹsì. Lẹ́yìn náà mo ní kó di ọdún tuntun. Àìsàn ọkàn pa Tíṣà kí ọdún tuntun tó dé. Níbi ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ fún wa pé láti oṣù Kẹta ni bàbá òun ò ti dárúkọ Kiyoharu mọ́. Mo la ẹnu. Ọkọ mi wò mí, mo sì pa á dé.

Akita la wà báyìí. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la pákó ni Kiyoharu ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọọjọ́ Sunday ló ń gbé Chinami lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú kejì, ìjókòó tó ga jù lẹ́yìn ló sì ń lọ jókòó sí. Àwọn òbí ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn kọ́ àwọn ọmọ. Ó máa ń sọ fún wọn pé orúnkún òun ò gbà. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún ọ̀hún, kò dùn ún mọ́.