Síǹkì Tó Rẹlẹ̀ Nílé Mùtàlíbù

Irin tó gbé síǹkì àtijọ́ dúró kò fẹ́ kúrò lára ògiri. Mùtàlíbù ti fi òòlù lù ú títí apá fi ń ro ó, ó ti bú u, ó ti bẹ̀ ẹ́, irin náà kàn ń wò ó ni. Nígbà tó wá já bọ́, ó já bọ́ pẹ̀lú ègé símẹ́ńtì ńlá kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á lẹ́sẹ̀. Ó fò sẹ́yìn, ó wo ihò gbàgàdà tó kù sára ògiri ilé ìwẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kẹ̀kẹ́ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kì í ṣe ògiri.

Kò sí kẹ̀kẹ́ tó ṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí Mùtàlíbù kò lè tò. Ṣùgbọ́n pọ́lọ́ńbà tó ránṣẹ́ pè lánàá dá owó lé iṣẹ́ náà bí ẹni tó fẹ́ fi kọ́lé, ó tún ní òun ò ráyè títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti pẹ́ jù. Láàárọ̀ ọ̀la ni bàbá rẹ̀, Fàsásì arúgbó, fẹ́ wọ lọ́rì padà sí abà rẹ̀ ní Mamu. Mùtàlíbù sì ti sọ fún ara rẹ̀ pé bí síǹkì bá ti dúró kí ilẹ̀ tó ṣú, bàbá ò ní lọ mọ́.

Síǹkì yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré lójú rẹ̀. Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé àdúgbò wọn, òun ló kọ́kọ́ fà á wọnú ilé, tó kan síǹkì funfun mọ́ ògiri, tí àwọn aládùúgbò ń yà wá wò ó bí ẹni wá wo ìyàwó tuntun. Torí náà, nígbà tó ti ṣọ́ọ̀bù dé lọ́jọ́ kan tó bá a nílẹ̀ ní wẹ́wẹ́, orí rẹ̀ gbóná. Ó bèèrè ẹni tó fọ́ ọ. Àdíját ìyàwó rẹ̀ ní òun ni, pé òun gbé bàsíà aṣọ tútù lé e. Ọ̀rọ̀ tí Mùtàlíbù sọ sí i lọ́jọ́ náà kò ṣeé tún sọ. Ó ní kò sí nǹkan gidi tó kan ọwọ́ rẹ̀ tí kì í bàjẹ́, ó ní etí odò ló yẹ kó ti máa fọwọ́. Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé Zechariah, ọmọ ìjọ Aládùúrà tí ilé wọn kángun síra, fi aṣọ funfun rẹ̀ wọ́lẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Àdíját bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ègé síǹkì náà. Bàbá Fàsásì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, kò gbójú sókè.

Ọjọ́ kejì ni bàbá náà sọ pé òun ń padà sóko.

“Ulé yìí ti dán jù fún mi,” ló wí, kò sì ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rù ba Mùtàlíbù. Ta ló kù ní Mamu? Ìyá rẹ̀ ti kú, àwọn ará abà ti rọ́ wá sígboro tán. Lójò èṣí, ibà dá bàbá yìí wó sínú yàrá, kò sẹ́ni tó mọ̀, àfi ẹlẹ́mu kan tó ń kọjá lọ tó gbọ́ ìkérora rẹ̀ lójú fèrèsé. Ẹ̀bẹ̀ ni Mùtàlíbù fi gbé e wálé. Bó bá padà lọ báyìí, ìgbà mìíràn tí ibà bá dé, ẹlẹ́mu lè má kọjá. Nígbà tó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò rí ìdí mìíràn tí bàbá rẹ̀ fi fẹ́ lọ ju síǹkì tó fọ́ àti ariwo tó tẹ̀ lé e.

Ló bá wá àlòkù lọ. Láti ìgbà òmìnira ni àwọn òyìnbó tó ń la igi ti ń kó ẹrù wọn padà sílé díẹ̀díẹ̀, ilé ọ̀kan nínú wọn sì wà lójú ọ̀nà Òrù tí wọ́n ń tú palẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ra síǹkì kan tí etí rẹ̀ kán díẹ̀, ó sì so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wálé bí ẹni gbé aláìsàn. Kò ra rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ìdí páìpù. Ó gé rọ́bà inú táyà tó ti gbó, ó yí i ká bí òrùka, ó fi òwú tó ti rẹ sínú ọ̀dà wé ẹnu páìpù kó má baà jò. Bí pọ́lọ́ńbà bá rí i, á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Mùtàlíbù mọ rọ́bà, rọ́bà náà sì mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó ń fọ ògiri, ó rí àpá àtẹ́lẹwọ́ kan lókè ibi tí síǹkì wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dà ibẹ̀ ti ṣí, ó ti dúdú, bí ibi tí ẹnì kan ń fọwọ́ tì lójoojúmọ́. Kò lè jẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ, ọwọ́ wọn ò tó ibẹ̀. Ó fi kànrìnkàn nù ún, kò lọ, ó sì fi í sílẹ̀. Ó fi ẹfun fa ìlà sí ibi gíga tí síǹkì àkọ́kọ́ wà.

Àdíját gbé ẹ̀bà wọlé fún un.

“Ẹ jẹun kí ẹ tó máa bá a lọ.”

“Gbé e síbẹ̀. Kí o rọra o.”

Ó rọra gbé e sílẹ̀. Ó wo ìlà ẹfun náà fún ìgbà díẹ̀. “Ṣé ibi gíga yẹn náà lẹ tún máa gbé e sí?”

“Níbo lo fẹ́ kí n gbé e sí? Ilẹ̀?”

Àdíját yíjú kúrò níbi ìlà náà. Ó kó àwo àárọ̀, ó jáde.

Ìgbà tí ìrun Alásàrì kù díẹ̀ ni Mùtàlíbù ń po símẹ́ńtì lọ́wọ́, tó sì gbójú síta lójú fèrèsé. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣe àlùwàlá. Ó fọ ọwọ́, ó fọ ojú, gbogbo rẹ̀ ń lọ geerege. Ó wá kan ẹsẹ̀. Bàbá gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ò gbà. Ó tún gbìyànjú, ó dúró, ó mí. Ó wá wò yí ká bóyá ẹnikẹ́ni ń wo òun, ó sún mọ́ odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó na ọwọ́ òsì, ó fi tẹ ògiri ilé ìdáná gbọnin ní ọ̀gangan orí rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni gbé ẹrù, ó gbé e ka orí odó. Ìgbà náà ló tó mú bùtá, tó da omi sí i.

Mùtàlíbù yíjú sí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo àpá àtẹ́lẹwọ́ náà. Símẹ́ńtì ń gbẹ lójú ṣọ́bìrì, kò mọ̀.

Ẹsẹ̀ ni bàbá ń gbé sínú síǹkì ní gbogbo ìgbà yẹn, lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, tó ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, títí irin fi wọ́, tí síǹkì fi bọ́ sílẹ̀. Àdíját ló bá a níbẹ̀. Àdíját ló sọ pé òun ni. Mùtàlíbù rántí gbogbo ohun tó sọ sí i, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú bàbá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń gbọ́ ọ, tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bú. Kò sí ilé tó dán jù fún ẹnikẹ́ni. Ìtìjú ló ń gbé bàbá lọ sí Mamu.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ jáde lọ bá a. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Kí ló fẹ́ wí fún àgbàlagbà tó wò yí ká kó tó fọ ẹsẹ̀ ara rẹ̀?

Ó mú àkísà, ó pa ìlà ẹfun rẹ́. Ó fa òmíràn sísàlẹ̀ pátápátá, ní ọ̀gangan orúnkún. Ó fi bíríkì ṣe ìdí fún síǹkì náà kó má baà jẹ́ pé irin nìkan ló gbé e, ó lẹ́ ẹ pọ̀ ṣinṣin, ó dín páìpù kù. Lẹ́yìn náà ló sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó yọ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan tó nípọn dáadáa, ó gbẹ́ ihò méjì sórí àpá àtẹ́lẹwọ́ náà, ó sì ri ẹnu irin náà méjèèjì mọ́ ògiri.

Àdíját wọlé wá kó àwo. Ó rí i. Ó dúró.

“O ò ṣe sọ fún mi?” Ohùn Mùtàlíbù rẹlẹ̀.

“Kí n sọ fún yín kí ẹ ṣe kí ni, Bàbá Síkírù? Ẹ ò ní bú Bàbá. Ẹ ó kàn dákẹ́ ni, ẹ ó sì ra síǹkì mìíràn. Wọ́n á sì mọ̀ pé ẹ ti mọ̀.”

“Má bínú sí mi.”

“Mo bínú,” Àdíját wí. “Inú mi ò tíì rọ̀. Ẹ tètè parí rẹ̀, símẹ́ńtì yín ń gbẹ.”

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí bàbá yọjú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ó wo síǹkì tó jókòó sísàlẹ̀ bí ọmọ tó ń kọ́ ìjókòó. Mùtàlíbù ti múra irọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Omi ìlú yìí ò lágbára mọ́, Bàámi. Kò lè gòkè tó ti tẹ́lẹ̀. Ni mo ṣe gbé e wálẹ̀.”

“Uhm.” Bàbá wo irin ọwọ́ kẹ̀kẹ́. “Èyí ńkọ́?”

“Ibi tí a ó máa fi táwẹ̀lì kọ́ ni.”

Bàbá na ọwọ́ sí irin náà, kò fà á, ó kàn fi ìka kàn án, torí símẹ́ńtì rẹ̀ ṣì tutù. Mùtàlíbù ń wo ilẹ̀.

“Ó máa tó ìgbà wo kó tó gbẹ?”

“Yóò ṣe díẹ̀, Bàámi. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dán an wò fúnra yín.”

“A jẹ́ pé kí lọ́rì ọ̀la máa lọ nù un.”

Mùtàlíbù yára kó ṣọ́bìrì àti òòlù rẹ̀ jọ. Ó kàn ń mi orí. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Zechariah tó ti dé inú ilé, tó ń pàtẹ́wọ́ pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Aládùúgbò náà yọjú wo síǹkì, ẹ̀rín sì gbà á.

“Bàbá Síkírù, ṣé àwọn aràrá lẹ fẹ́ gbà lálejò ni?”

“Omi ò lágbára,” Bàbá Fàsásì dá a lóhùn kí ọmọ rẹ̀ tó la ẹnu. Ojú rẹ̀ le koko. “Kò lè gòkè jù báyìí lọ.”

“Ẹ̀n-ẹ́n, òótọ́ ni, tiwa náà ń ṣe kínkín.” Zechariah yíjú sí Àdíját tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, ó fẹ́ fi í ṣeré bí aládùúgbò rere. “Ìyàwó, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀ o. Ẹ bá wa rọra lo èyí. Ẹ má tún bá wa fọ́ ọ.”

Bàbá Fàsásì fi ọwọ́ tẹ ògiri, ó ṣí ẹnu. Mùtàlíbù rí i pé yóò sọ ọ́. Òun náà ṣí ẹnu tirẹ̀, kò sì rí ọ̀rọ̀ kan tó lè fi gba ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ tí kò ní fi bàbá rẹ̀ sípò rẹ̀.

“Mo ti gbọ́, Bàbá Zipporah,” Àdíját wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. “Mi ò ní fọ́ ọ mọ́. Bàbá, ẹ jẹ́ n bu omi sí bùtá yín, Màgàríbì ti fẹ́ wọlé.”

Bàbá pa ẹnu dé. Ó tẹ̀ lé e jáde, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ó ti ń lọ.

Láti òní lọ, gbogbo ẹni tó bá wá fọwọ́ níbẹ̀ ni yóò gbọ́ ìtàn síǹkì tí Àdíját fọ́. Mùtàlíbù fúnra rẹ̀ ló fi ìtàn náà sí wọn lẹ́nu, lóhùn tó dé ilé kejì, kò sì lè gbà á padà lọ́wọ́ wọn títí ayé. Zechariah ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa omi. Mùtàlíbù mú sípánà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń de bóòtù kan nídìí síǹkì, èyí tó ti le tẹ́lẹ̀.