Mọ̀-ọ́n-tán Tú Ẹ́ńjìnnì

"Wọn ò tíì bí mẹkáníìkì náà tó máa fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì yìí!" Orí bọ́ńpà ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ni Mọ̀-ọ́n-tán dúró sí tó ti ń kéde fún gbogbo àdúgbò láti àárọ̀. "Èmi tí mò ń wà á, èmi náà ni màá tún un ṣe. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, á máa ké bí ọmọ tuntun!"

Ìyàwó rẹ̀ tó ń sá aṣọ kò wẹ̀yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń la igi, kó lè máa kó pákó fún wọn fún odindi ọdún kan. Tí kò bá dé, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, ọkọ rẹ̀ á sì tún padà sí ìjókòó ilé, kó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀.

"Bàbá wọn, epo ẹ́ńjìnnì yìí ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ẹ jẹ́ ká pe ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ! Ẹni tó tún bíréèkì ṣe tí fèrè ò dún mọ́!"

"Fèrè yìí kọ́?" Ẹ̀gbọ́n ìyàwó, mẹkáníìkì tó ní gáráàjì tirẹ̀, yọ láti ẹ̀yìn ọkọ̀. "Orí bọ́ńpà ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ó ń dún dáadáa."

Mọ̀-ọ́n-tán bẹ́ sílẹ̀. "Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ yín dáadáa ni."

"Mo gbọ́. Ó yá, àna mi, tú u. Gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì lásán ló jó tí omi fi ń wọnú epo. Èmi á jókòó, màá máa wòran."

Ìjà ni Mọ̀-ọ́n-tán ti múra sílẹ̀ fún, kò múra sílẹ̀ fún iṣẹ́. Ó wojú ìyàwó rẹ̀ bóyá yóò bẹ òun kí òun má ṣe é. Ìyàwó ń sá ìbọ̀sẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ò lọ. Ó mú sípánà.

Àṣé ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n ṣe! Ó fa omi, ó fa epo, ó ń tú bóòtù láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, ó sì ń tò wọ́n sórí páálí bó ṣe ń yọ wọ́n. Ẹ̀gbọ́n tó wá rẹ́rìn-ín sún ìjókòó rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ó dìde.

"Sún, jẹ́ kí n bá ọ ṣe é."

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Ìran lẹ wá wò."

"Gbé sípánà wá!"

"Ẹ́ńjìnnì mi ni!"

"Iṣẹ́ mi ni!"

Bí wọ́n ṣe jọ gbé orí ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn, oníkálukú ń fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Wọ́n nù ún. Ìlà kan hàn, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, láti ihò kan dé ìkejì. Irin náà ti sán.

Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti gásíkẹ́ẹ̀tì; orí ẹ́ńjìnnì mìíràn ni wọ́n máa wá.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Mọ̀-ọ́n-tán wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ẹ̀yin lẹ kọ́ṣẹ́. Mi ò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ yín ṣe."

"Rárá o, àna mi. Ẹ́ńjìnnì rẹ ni. Ta ni mo jẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba sípánà."

"Mi ò fọwọ́ kàn án!"

Ìyàwó nu ọwọ́ rẹ̀, ó pe akọ̀wé iléeṣẹ́ náà lórí fóònù, ó sì jẹ́ kí ohùn akọ̀wé jáde síta kí àwọn méjèèjì lè gbọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ̀ wa ò ní lè dé lọ́jọ́ Ajé. Ẹ bá wa sún un síwájú díẹ̀."

"Ẹ má dààmú, mà," ni akọ̀wé wí. "Láàárọ̀ yìí tí a gbọ́ pé ọkọ yín fẹ́ tún un ṣe fúnra rẹ̀ la ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì."

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Mo sọ ọ́!"

"Èmi náà sọ ọ́!" ni ìyàwó fi kún un.

Ẹ̀gbọ́n na ọrùn sídìí fóònù. "Sà, èmi mẹkáníìkì, ẹ̀gbọ́n ìyàwó, ló ń sọ̀rọ̀. Ká ní èmi ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà fún láti tún ṣe ńkọ́?"

"Ká ní ẹ̀yin ni, sà, àná là bá ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì."