Ìwúkàrà Tí Mo Gbé fún Ulderica

Ká má parọ́, mo jowú Ulderica. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni. Èmi ìyálé ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to búrẹ́dì gbígbẹ, kábéèjì àti wàràkàṣì sínú ìkòkò kan láti fi se ọbẹ̀. Síbẹ̀ òun ni wọ́n mú pé kó máa se ọbẹ̀ náà fún àwọn àlejò tó ń wá wo ilé olódi àtijọ́ lórí òkè wa. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á máa yà á ní fọ́tò nínú ilé ìdáná àwọn olóyè ayé àtijọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nígbà yìnyín, la máa ń dáná ààrò abúlé. Búrẹ́dì ọjọ́ náà là ń sá sórí àjà, tí à ń jẹ títí ọdún á fi yípo. Ìwúkàrà kan ṣoṣo ló ń ti ilé dé ilé: o po tìrẹ, o bu díẹ̀ fún ẹni tó kàn. Lọ́dún yẹn, ìbò tí a fi ń to ilé tẹ̀ léra mú mi ṣáájú Ulderica. Bí kò bá ní búrẹ́dì, kò ní rí ọbẹ̀ sè, èmi ni wọ́n á sì wá pè. Mo po tèmi tán, mo da omi gbígbóná lé ìyókù ìwúkàrà kó lè kú, mo gbé e fún un.

"Ìyálé mi, abọ́ yìí mà gbóná o!"

"Ẹ̀gbẹ́ iná ni mo gbé e sí, kí òtútù má pa á."

Wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Gbígbóná ni tèmi. Owú ò jẹ́ kí n rántí pé ilé mẹ́ta ṣì wà lẹ́yìn Ulderica. Lọ́jọ́ kejì, ìyẹ̀fun ilé mẹ́rin kò wú. Màmá Emerenziana, arúgbó tí ìwúkàrà kàn kẹ́yìn, jókòó ti ọpọ́n rẹ̀, ó ń sunkún.

"Ta ló pa ìwúkàrà wa?"

Ulderica wò mí lẹ́ẹ̀kan péré.

"Èmi ni, Màmá. Mo gbé e sún mọ́ iná jù. Ẹ má bínú. Ìyálé mi á bá gbogbo wa pín nínú tiwọn."

Arúgbó dì mọ́ ọn. "Ọmọ dáadáa! O ò tiẹ̀ purọ́ fún wa."

Mo pín búrẹ́dì mi sí ilé mẹ́rin. Ulderica ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi dá, òun ló fi gba ìyìn. Mo jowú ìyẹn náà.