Ihò Kékeré Lára Rọ́bà

Ogún ìyá ẹja ló wà nínú táǹkì orí ilé wa. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tọ́jú wọn àti àwọn tó ṣáájú wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni àbúrò mi ọkùnrin, tí gbogbo ayé ń pè ní Tíṣà nítorí pé ó fi físíìsì dá àwọn ọmọléèwé lágara rí, gba kọ́kọ́rọ́ orí ilé lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e fún ìyàwó rẹ̀ tuntun. Ó ní kí n lọ sinmi. Ta ló sọ fún un pé ó rẹ̀ mí?

"Bí àwọn ẹja yìí bá yé ẹyin ní Sátidé, tí ìkankan ò kú," ló wí, "ìyàwó mi ló ni iṣẹ́ yẹn títí ayé."

Mo ní ó dáa. Ẹni tó gbọ́ ohùn mi lọ́jọ́ yẹn á rò pé àdúrà ni mò ń ṣe fún un.

Kànga wà nínú àgbàlá wa, pọ́ǹpù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rọ́bà dúdú kan ló gbéra lára pọ́ǹpù, ó gba ara ògiri gun àjà mẹ́ta, ó gba orí etí táǹkì kọjá, ó sì wọ inú omi lọ títí dé ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ la máa ń ri ẹnu rẹ̀ sí, nítorí ẹja tó fẹ́ yé ẹyin kì í fẹ́ kí omi máa já lù ú. Níbi tí rọ́bà náà ti tẹ̀ kọjá etí táǹkì, ihò kékeré kan wà lára rẹ̀, tí a fi ìṣó lu. Tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, ihò náà á máa tu omi sára ògiri bí ìkókó tó ń yọ eyín.

Ọwọ́ Ìyàwó mọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kódà ohun tí kò dọ̀tí, ó máa ń nù ún. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó pè mí gòkè.

"Àǹtí, ẹ wò ó, rọ́bà yìí ti lu. Ó ń ba ògiri jẹ́. Ṣé kí n fi téèpù dì í?"

Mo wo ihò náà, mo wo ojú rẹ̀.

"Dì í dáadáa," ni mo wí. "Yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ tó mọṣẹ́ ni ẹ́."

Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó tan pọ́ǹpù, táǹkì kún, ó pa á. Ó ti ilẹ̀kùn orí ilé, ó fi kọ́kọ́rọ́ há ìdí, ó sì lọ ra oúnjẹ ẹja. Èmi bu tíì mi, mo jókòó lórí àpótí nínú àgbàlá. Mo fọwọ́ kan rọ́bà náà lára ògiri. Ó ń gbọ̀n. Pọ́ǹpù ti dákẹ́, ṣùgbọ́n omi ò dákẹ́. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń dà padà sínú kànga.

Bí mo bá ká rọ́bà yẹn lẹ́ẹ̀mejì péré, kí n fi okùn dè é, ó parí. Okùn wà lábẹ́ àpótí tí mo jókòó lé. Àánú ẹja ṣe mí díẹ̀, mi ò ní fi dúdú pe funfun fún yín, ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi ju àánú lọ. Mo bu tíì kejì.

Lọ́sàn-án gangan ni Tíṣà àti Ìyàwó jọ wọlé. Wọ́n gòkè, mo gbọ́ igbe, èmi náà sì rọra tẹ̀ lé wọn. Táǹkì ti gbẹ. Oòrùn ti ń jó àwọn ẹja náà lára, wọ́n sùn lé ara wọn, Ìyàwó sì wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín wọn, ó ń gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tíṣà ti rí téèpù. "Ta ló dí ihò yìí?"

"Èmi ni," ni Ìyàwó wí.

"Ọwọ́ ọmọdé ò kúkú tó pẹpẹ," ni mo wí. "Bóyá ìwọ lo máa bá wa yé ẹyin ní Sátidé."

Tíṣà na ọwọ́ sí i. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Ìyàwó nu ojú. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ nídìí, ṣùgbọ́n kò tíì fún un. "Mo gbà pé èmi ni mo dí i. Àmọ́, ihò lásán lè pa ẹja? Àǹtí pàápàá ò mọ iṣẹ́ tí ihò náà ń ṣe."

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi lu ú!" Ara mi gbóná. Ọmọ àná ló ń pè mí ní òpè lójú àbúrò mi! Mo gbá rọ́bà mú.

"Gbọ́, olódo. Apá rọ́bà tó sọ̀ kalẹ̀ dé àgbàlá gùn ju èyí tó wọ inú táǹkì lọ, omi inú rẹ̀ ló sì wúwo jù. Tí pọ́ǹpù bá kú, omi apá gígùn yẹn á máa já lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́ ṣófo, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń tẹ ojú omi táǹkì ò ní gbà; ńṣe lá máa ti omi wọ ẹnu rọ́bà, omi á gun etí táǹkì, á máa tẹ̀ lé èyí tó ti lọ. Kò nílò pọ́ǹpù, kò nílò èèyàn. Ibi tí ẹnu rọ́bà bá dé ló máa gbẹ dé. Ihò yìí ló ń gbà wá! Tí pọ́ǹpù bá ti dákẹ́, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé, omi á já sí méjì: ti kànga á lọ sí kànga, ti táǹkì á padà sí táǹkì. Ẹni tó bá dí i, tó wá pa pọ́ǹpù, ó ti pa ẹja. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀!"

Orí mi wú. Tíṣà alára ò lè ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ ṣeun, Àǹtí," ni Ìyàwó wí. "Ó ti yé mi. Nígbà tí mo wá fi ihò yẹn hàn yín láàárọ̀, tí mo bi yín pé ṣé kí n dì í, kí lẹ sọ?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Wọ́n ní kí n dì í dáadáa," ló sọ fún ọkọ rẹ̀. "Wọ́n ní kí n yí i po lẹ́ẹ̀mẹta."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í tú téèpù náà. Ó tú u lẹ́ẹ̀kan, ó tú u lẹ́ẹ̀kejì, ó tú u lẹ́ẹ̀kẹta, ihò sì yọjú. Ó gbé garawa síwájú mi.

"Ẹ kó wọn. Tẹ́ ẹ bá kó wọn tán, ẹ lọ kó ẹrù yín."

Ó fa ìyàwó rẹ̀ dìde, ó bá a fi kọ́kọ́rọ́ há ìdí padà, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀.

Mo kó mọ́kàndínlógún. Èyí tó ṣe ogún wà lábẹ́ gbogbo wọn, níbi tí ilẹ̀ ṣì tutù díẹ̀. Ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Garawa omi kan péré ló máa gbà á là, mo sì mọ ọ̀nà kànga. Mo gbé e lé orí àwọn yòókù, mo jókòó tì í títí tí kò fi la ẹnu mọ́.